Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin oníṣẹ́ fáíbà: wọ́n ń tún IPA àti kílínà tó ti tán dì tà fún wa

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi nídìí iṣẹ́ fáíbà (okùn onígíláàsì tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé íńtánẹ́ẹ̀tì), ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí kí ẹ tó lọ ra ohun tí ẹ ó fi nu kọnẹ́kítọ̀, ìyẹn orí tí a fi ń so okùn fáíbà pọ̀. Ẹnu pọ́ọ̀tù (ihò tí okùn ń wọ̀) OTDR mi, ẹ̀rọ tí a fi ń wọn okùn fáíbà, ti bàjẹ́ nítorí ọjà tí mo fowó ara mi rà, mi ò sì fẹ́ kó ṣe ẹnikẹ́ni nínú yín.

Ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìkẹjà ni mo ti ra ìgò IPA (ọtí isopropyl tí a fi ń nu ojú fáíbà) tí wọ́n kọ 99% sí lára, àti kílínà oníkílíìkì 2 (tí òwú inú rẹ̀ máa ń yí tí a bá ti tẹ̀ ẹ́ tó dún), ọ̀kan fún irú kọnẹ́kítọ̀ tí wọ́n ń pè ní SC, ọ̀kan fún LC. Ọ̀rá wà lára gbogbo wọn, ìdérí ìgò sì le bíi ti tuntun. Iye tí wọ́n pè é fi díẹ̀ rẹlẹ̀ sí ti ibi tí mo ti ń rà tẹ́lẹ̀, kò já wálẹ̀ débi téèyàn á fi fura.

Lọ́jọ́ kẹta, a lọ wọn okùn kan ní Ìkòròdú. Mo nu ẹnu pọ́ọ̀tù, mo nu launch cable (okùn tí a ń fi sáàárín OTDR àti okùn tí a fẹ́ wọ̀n), mo kì í bọ ibẹ̀. Òkè gíga kan yọ níbẹ̀rẹ̀ ìlà tó ń hàn lójú ẹ̀rọ, ìrù rẹ̀ gùn débi pé mi ò rí ibi tí launch cable ti pàdé okùn rárá. Mo tún nù ún, ó burú sí i. Oníbàárà dúró tì mí, ó ní okùn tí àwọn ọmọ mi fà ni kò dáa. A tú closure 2 (àpótí tó bo ojú ìsopọ̀ okùn), a tún splice (ojú ìsopọ̀ fáíbà fúnra rẹ̀) ṣe, ṣùgbọ́n kò sí ìyàtọ̀ kankan.

Ìgbà tí mo délé ni mo fi scope (awò tó ń mú nǹkan tóbi) wo ẹnu pọ́ọ̀tù náà. Mo pa lésà OTDR ná, torí pé ìmọ́lẹ̀ 1310 àti 1550 nm kò ṣeé fojú rí, bẹ́ẹ̀ ló sì lè ba ojú jẹ́. Ohun tí mo rí dùn mí wọra. Ojú ferrule (ọ̀pá kékeré tó di fáíbà mú nínú ẹnu náà) dà bí àwo tí wọ́n fi ọṣẹ fọ̀ tí wọn ò ṣàn: òrùka funfun lórí òrùka funfun, ìlà tínrín kan sì gba àárín core (ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà nínú fáíbà) kọjá. Core fáíbà single-mode (irú tí a ń lò fún ọ̀nà jíjìn) kò ju máíkírónì 9 lọ. Fọ́nrán irun orí kan nípọn tó ìlọ́po 5 sí 10 rẹ̀. Tí ìlà bá ti há a lójú, kò sí nínù tó lè pa á rẹ́.

Mo wá yẹ ọjà náà wò. Mo kán IPA yẹn sórí dígí tó mọ́. Nígbà tó gbẹ, àbàwọ́n funfun ló kù. Mo da díẹ̀ sínú ife gíláàsì, mo bu iyọ̀ sí i, mo mì ín. Kò pẹ́ tó fi pín sí ipele 2, omi iyọ̀ nísàlẹ̀, IPA lókè. Èyí tó bá jẹ́ 99% lóòótọ́ kì í pín bẹ́ẹ̀, iyọ̀ á kàn rọ̀ sísàlẹ̀ ni. Mo tú kílínà SC. Òwú inú rẹ̀ ti tán pátápátá, èyí tó kù ti dúdú, wọ́n sì fi gọ́ọ̀mù lẹ òwú funfun ṣíńṣín kan mọ́ ẹnu rẹ̀. Ó ń dún “kílíìkì” bó ti yẹ, òwú kò sì yí. Iyanrìn kọnẹ́kítọ̀ àwọn ẹlòmíràn ni mo fi ń ha ẹnu ẹ̀rọ mi.

Mo padà lọ. Ọ̀gá ibẹ̀ ní, “Ẹ̀gbọ́n, orígínà ni, ọwọ́ yín ló le jù.” Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́, mo rí ọmọ kan lẹ́yìn kántà tó ń fi ẹ̀rọ ìgbẹrun fún ọ̀rá mọ́ kílínà lára. Wọn ò dá owó mi padà.

Nítorí náà, ẹ má sanwó kí ẹ tó ṣí kílínà lójú ẹni tó ń tà á. Ẹ tẹ̀ ẹ́ bíi ìgbà 5, kí ẹ máa wo ẹnu rẹ̀ dáadáa: òwú gbọ́dọ̀ máa sún ní gbogbo ìgbà tó bá dún. Bó bá kọ̀ kí ẹ ṣí i, ẹ fi ọjà náà sílẹ̀ fún un. IPA, ẹ kán an sórí dígí. Kílínà tí ẹ bá sì ti lò tán, ẹ fọ́ ọ kí ẹ tó jù ú nù, torí inú ààtàn ni wọ́n ti ń ṣà á. Ọjà yòówù kí ẹ rà, kọnẹ́kítọ̀ tí kò wúlò mọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ fi dán an wò lábẹ́ scope, kí ẹ tó mú un súnmọ́ ẹnu OTDR. Ẹ má sì yọ launch cable kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ láìnídìí. Òun ló yẹ kí ìyà jẹ, kì í ṣe pọ́ọ̀tù.

OTDR mi ṣì wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń tún un ṣe. Ó ní a ní láti pààrọ̀ ferrule inú rẹ̀. Àwòrán scope àti ti kílínà tí mo tú wà lọ́wọ́ mi, ẹni tó bá fẹ́ rí i kó béèrè.