Bel Air tí kì í ṣe Bel Air: ẹ wo bí wọ́n ṣe gba 27,500 dọ́là lọ́wọ́ mi

Ẹ̀yin èèyàn mi tá a jọ wà ní Amẹ́ríkà níbí, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn ọkọ̀ àtijọ́ bíi tèmi, ẹ dákun, ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni. Ó lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí mì, torí ojú ń tì mí. Ìyàwó mi àti àbúrò mi nìkan ló gbọ́, ìyàwó mi pàápàá ò sì tíì mọ iye tó jẹ́ gan-an.

Chevrolet Bel Air ọdún 1957 ni, onílẹ̀kùn mẹ́rin. Ẹni tó bá mọ ọkọ̀ yẹn á mọ ohun tí mò ń sọ: ìrù méjèèjì tó ga sókè bíi lẹbẹ ẹja, irin tó ń dán yinrin lẹ́gbẹ̀ẹ́, ihò epo tí wọ́n fi pamọ́ sínú ìrù apá òsì débi pé bí wọn ò bá fi hàn ọ́, o ò ní rí i. Bàbá mi dúró ti irú rẹ̀ ya fọ́tò ní Ìbàdàn kí wọ́n tó bí mi. Inú pálọ̀ wa ni fọ́tò yẹn wà títí wọ́n fi kú. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé ọ̀kánjúà ló gbé mi débẹ̀.

Ìpínlẹ̀ tó múlé ti Texas wa yìí ni oníṣòwò náà wà. Ohun tó kọ ni pé: Bel Air pọ́nbélé, ẹ́ńjìnnì V8 (oní-sílíńdà mẹ́jọ), 45,000 máìlì, ọ̀dà tí wọ́n fi kùn ún ní ilé iṣẹ́ ló ṣì wà lára rẹ̀. Mo wakọ̀ wákàtí márùn-ún lọ wò ó. Ẹ má rò pé mo kàn sanwó bẹ́ẹ̀. Àwa ará Houston mọ ọkọ̀ tí omi ti wọ̀. Lẹ́yìn ìjì Harvey ọdún 2017, ta ni ò kọ́gbọ́n? Mo ti imú bọ inú rẹ̀, mo tẹ kápẹ́ẹ̀tì, gbígbẹ ni. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, V8 ni mo bá níbẹ̀ lóòótọ́. Àmì V aláwọ̀ wúrà wà níwájú rẹ̀. Ó ṣáná, ẹ́ńjìnnì ń kùn jẹ́jẹ́. Kí ni mo tún fẹ́ ṣe?

Mẹkáníìkì ló yẹ kí n mú dání. Ìyàwó mi sọ bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan ní òun á gba 400 dọ́là kóun tẹ̀ lé mi, mo ní ó ti pọ̀ jù. Mo ní 400 pọ̀ jù! Owó àjọ ọdún méjì ni mo kó fún ọkùnrin yẹn, láti báńkì sí báńkì, bó sì ṣe wọlé sọ́wọ́ rẹ̀ ló parí.

Sátidé kan ni àbúrò mi wá kí wa láti Atlanta. Ó yọ òòfà kékeré kan lára fíríìjì, èyí tí ọmọ mi fi lẹ àwòrán iléèwé rẹ̀ mọ́ ọn. Ó gbé e lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó lẹ̀ mọ́ ọn. Ó gbé e lé ilẹ̀kùn iwájú, ó lẹ̀. Ó gbé e lé ẹ̀yìn, lókè táyà, ó já bọ́. Ó tún un gbé, ó tún já bọ́. Ó mú un lọ sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, kò lẹ̀ níbì kankan. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Bọ́dí fílà ni gbogbo ibẹ̀, ohun tí wọ́n fi ń dí ihò ara ọkọ̀, kì í ṣe irin! A ká kápẹ́ẹ̀tì tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ awakọ̀, páànù pẹlẹbẹ ni wọ́n fi bo ihò, wọ́n wá fi ọ̀dà dúdú rẹ́ ẹ. Mo fi àtàǹpàkò tẹ etí rẹ̀, irin tó ti dógùn-ún yẹn rún wómúwómú. Láti inú ọkọ̀ ni mo ti ń wo sìmẹ́ńtì ilẹ̀ gáràjì mi.

Ìyẹn gan-an ṣì kéré. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ilé iṣẹ́ fún ọkọ̀ (VIN) wà lára òpó ilẹ̀kùn awakọ̀. Bel Air V8 ti 1957, VC57 ni nọ́ńbà rẹ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀. B57 ni tèmi! Two-Ten nìyẹn, ìpele tó kéré sí Bel Air, oní-sílíńdà mẹ́fà sì ni nígbà tó jáde ní ilé iṣẹ́. Wọ́n gbé V8 sí i, wọ́n ra irin àti àmì wúrà Bel Air, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Nọ́ńbà yẹn sì wà lórí ìwé tí èmi fúnra mi fọwọ́ sí. Mo ti tẹ̀ ẹ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ tí mo lọ rà á, wọ́n ní kò pé, pé lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún ló yẹ kó jẹ́. Oníṣòwò yẹn rẹ́rìn-ín, ó ní 1981 ni nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún bẹ̀rẹ̀. Òótọ́ ló sọ! Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn, òótọ́ ló fi bo irọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ṣé èmi ló yẹ kí n mọ ìtumọ̀ lẹ́tà B?

Nígbà tí mo pè é, ó ní kí n lọ ka ìwé tí mo fọwọ́ sí, pé bí mo ṣe bá a ni mo ṣe rà á. Ó sì pa fóònù mọ́ mi létí.

Ẹ mú òòfà dání. Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì, ẹ wọ abẹ́ ọkọ̀. Ẹ ka nọ́ńbà ara òpó ilẹ̀kùn kẹ́ ẹ tó gbọ́ ìtàn kankan. Ẹ má gba iye máìlì gbọ́: fígọ̀ márùn-ún péré ni mítà ọkọ̀ wọ̀nyẹn ní, tó bá dé 99,999, odo ló ń padà sí, nítorí náà 45,000 lè jẹ́ 145,000. Ẹ sanwó fún mẹkáníìkì.

Ní tèmi o, mi ò gba ìkankan nínú àwọn tó ń ta ọkọ̀ àtijọ́ gbọ́ mọ́. Bí inú bá ń bí ẹni tó ń fi òótọ́ tà á, kó lọ bá àwọn tó ba iṣẹ́ náà jẹ́ jà.

Lánàá, ọkùnrin yìí kan náà tún gbé òmíràn síta: 1956, pupa àti funfun, ó tún pè é ní Bel Air pọ́nbélé. Ẹni tó bá ń bá a dúnàá-dúrà, kó ní kó ya fọ́tò òpó ilẹ̀kùn ránṣẹ́ lónìí. Bó bá ti ń fi òní dónìí, fi ọ̀la dọ́la, ẹ gbé owó yín padà sápò.