Páálí Káàdì Ìbéèrè lórí Òṣèlú: Ẹ̀yìn Káàdì Ló Dùn Jù

Káàdì àkọ́kọ́ tí mo fà yọ nínú páálí yìí béèrè pé: “Orílẹ̀-èdè wo ló ní olórí méjì, tó sì jẹ́ pé àwọn ará ilẹ̀ mìíràn ló ń dìbò yan ọ̀kan nínú wọn?” Àwa mẹ́rin tí a jọ ń ṣeré náà wo ara wa lójú, kò sì sẹ́ni tó lè dáhùn. Ẹ̀yìn káàdì ni a ti rí i pé Àndórà ni, ilẹ̀ kékeré tó wà láàárín Faransé àti Sípéènì. Bíṣọ́ọ̀bù Urgell ní Sípéènì àti ààrẹ Faransé ló jọ ń jẹ oyè olórí níbẹ̀, nítorí àdéhùn ọdún 1278 tí bíṣọ́ọ̀bù ìgbà náà bá ìdílé ìjòyè kan ṣe, tí ẹ̀tọ́ ìdílé náà sì bọ́ sọ́wọ́ ìjọba Faransé nígbẹ̀yìn. Ìyẹn ni pé nígbà tí àwọn ará Faransé bá yan ààrẹ, wọ́n ti bá àwọn ará Àndórà mú olórí láìbi wọ́n léèrè.

Àlàyé tó wà lẹ́yìn káàdì yìí ni mo tìtorí rẹ̀ sọ pé owó mi kò ṣègbé. Ìbéèrè lásán kò ṣòro láti kọ. Iṣẹ́ gidi ni kí ènìyàn sọ ohun tó fa ohun tó ń béèrè. Àwọn káàdì aláwọ̀ ewé, èyí tó dá lórí ilé aṣòfin, ló ṣe èyí dáadáa jù. Ọ̀kan nínú wọn béèrè ìdí tí àwọn aṣòfin 650 fi wà ní ilé aṣojú-ṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí ìjókòó ibẹ̀ kò ju bíi 427 lọ. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé bọ́ǹbù àwọn ará Jámánì ló wó gbọ̀ngàn náà ní ọdún 1941, àti pé Churchill fúnra rẹ̀ ló tẹnu mọ́ ọn pé kí wọ́n má ṣe mú un gbòòrò nígbà tí wọ́n bá ń tún un kọ́, nítorí ó gbà pé àríyànjiyàn kì í gbóná nínú gbọ̀ngàn tó ṣófo. Wọ́n parí rẹ̀ ní ọdún 1950, ìdúró sì ni ẹni tó bá pẹ́ dé máa ń wà títí di òní bí ọ̀rọ̀ ńlá bá wà nílẹ̀. Káàdì mìíràn ṣàlàyé ìdí tí wọ́n fi ń wọ́ abẹnugan tuntun lọ sórí àga bí ẹni tí kò fẹ́ lọ: láyé àtijọ́, òun ló ń gbé ọ̀rọ̀ ilé lọ bá ọba, orí àwọn kan nínú wọn sì bá a lọ. Òmíràn tún sọ pé láti ọdún 1624 ni wọ́n ti pinnu pé aṣòfin ibẹ̀ kò lè kọ̀wé fi ipò sílẹ̀, àfi kó gba iṣẹ́ kan lábẹ́ ọba tí kò ní iṣẹ́ kankan nínú, tí òfin sì sọ pé ẹni tó bá ń ṣe é kò gbọdọ̀ jẹ́ aṣòfin mọ́. Àbúrò mi takú pé irọ́ ni.

Ìbéèrè tó mú inú àwọn ọmọdé dùn jù ni ti Gáḿbíà, níbi tí àwọn olùdìbò ti ń ju bọ́ọ̀lù gíláàsì kékeré, irú èyí tí ọmọdé fi ń ṣeré, sínú gorodóòmù tí wọ́n lẹ àwòrán olùdíje mọ́. Agogo kan máa ń dún nínú rẹ̀ bí bọ́ọ̀lù náà bá wọlé, bó bá sì dún ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, àwọn òṣìṣẹ́ ti mọ̀ pé ẹnìkan fẹ́ ṣe màgòmágó. Nítorí àwọn tí kò mọ̀wéé kà ni wọ́n ṣe gbé ètò yìí kalẹ̀ láwọn ọdún 1960, wọ́n sì tún lò ó nínú ìdìbò ààrẹ ọdún 2021.

Àléébù páálí náà wà nínú àwọn káàdì pupa, ti àwọn olórí. Ẹni tó kọ wọ́n fẹ́ràn “ẹnì kan ṣoṣo”, “ẹni tó pẹ́ jù” àti “ẹni tó yára jù”, àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ló sì ń tètè gbó. Ó ní Grover Cleveland nìkan ni ààrẹ Amẹ́ríkà tó kúrò lórí oyè tó tún padà wá, bẹ́ẹ̀ Donald Trump ti ṣe bẹ́ẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2025. Ó ní Strom Thurmond ló sọ̀rọ̀ pẹ́ jù ní ilé aṣòfin àgbà Amẹ́ríkà, wákàtí 24 àti ìṣẹ́jú 18 ní ọdún 1957. Cory Booker ti kọjá wákàtí 25 ní ọdún 2025. Ó ní George Canning, tó lo ọjọ́ 119 ní ọdún 1827, ni olóòtú ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ìgbà rẹ̀ kúrú jù, bí ẹni pé kò sí Liz Truss tó gbé àpótí rẹ̀ jáde lọ́dún 2022 láìpé oṣù méjì. Mo ti já àmì kúrò lọ́wọ́ ọmọ mi nítorí ìdáhùn yìí kí n tó rántí pé òun ló tọ̀nà. “Ẹni àkọ́kọ́” kò níṣòro bẹ́ẹ̀: Sirimavo Bandaranaike ti Sri Lanka ni obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ olóòtú ìjọba lágbàáyé, ní 1960, kò sì sẹ́ni tó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Káàdì kan tilẹ̀ bí mi nínú. Ó fi Harold Holt ṣe ẹ̀fẹ̀, olóòtú ìjọba Ọsirélíà tó lọ wẹ̀ nínú òkun ní oṣù Kejìlá ọdún 1967 tí wọn kò rí òkú rẹ̀ títí di òní, pé odò ìwẹ̀ ni wọ́n tún wá fi sọrí rẹ̀. Kò sọ pé ẹkùn ìdìbò rẹ̀ gan-an ni odò ìwẹ̀ náà wà, àti pé wọ́n ti ń kọ́ ọ lọ́wọ́ nígbà tí ó ṣaláìsí. Bí wọ́n bá fi gbólóhùn méjì yẹn kún un, àwa náà ì bá má rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀.

Káàdì náà nípọn, lẹ́tà ara rẹ̀ hàn ketekete, ṣùgbọ́n wọn kò kọ ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ síbì kankan. Ẹ béèrè ọdún náà lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á kí ẹ tó sanwó. Ní tèmi, mo ti fi pẹ́ńsù tún ìdáhùn mẹ́ta kọ, mo sì fi àyè sílẹ̀ lábẹ́ wọn.