Ọdún kẹrin àwọn ìbejì mi ní ilé-ìwé àwọn Sístà

Ìràwọ̀ mẹ́rin ni mo fún wọn nínú márùn-ún. Ọ̀rọ̀ Yorùbá ló gba ẹyọ kan tó kù lọ́wọ́ wọn, ẹ ó rí i níwájú.

Mùsùlùmí ni mí, Ìbàdàn ni mò ń gbé. Láti púráìmárì kìíní ni Táíwò àti Kẹ́hìndé ti wà ní ilé-ìwé Ìjọ Àgùdà kan ládùúgbò wa, wọ́n ti dé púráìmárì kẹrin báyìí. Mi ò ní dárúkọ ilé-ìwé náà, torí mo ní ẹjọ́ tí mo fẹ́ rò, àwọn ọmọ mi sì ṣì wà lábẹ́ òrùlé wọn. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á mọ̀ ọ́n.

Ohun tí gbogbo ará ilé mi kọ́kọ́ ń bi mí ni pé, “Ìyá Ìbejì, ṣé wọn ò ti sọ àwọn ọmọ yẹn di Àgùdà?” Wọn ò sọ wọ́n di nǹkan kan. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kan tí mo lọ san àṣẹ́kù owó, agogo méjìlá ọ̀sán lù, agogo ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ́fíìsì dún, gbogbo ọgbà sì dákẹ́ lójijì. Àdúrà Ángẹ́lúsì ni. Ọmọ tó ti gbé ṣíbí ìrẹsì dé ẹnu dá a dúró lófuurufú. Olùkọ́ fi ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀. Bàbá ẹnu géètì ṣí fìlà. Àwọn ọmọ ìjọ ń dáhùn àdúrà, àwọn tiwa dúró jẹ́ẹ́, wọ́n ká ọwọ́ sẹ́yìn, kò sì sẹ́ni tó ní kí wọ́n fọwọ́ ṣe àmì àgbélébùú. Kò pẹ́ rárá tí ariwo tún fi gba ibẹ̀.

Àmọ́ etí ọmọdé kì í ti. Kẹ́hìndé gbé Hail Mary wálé látòkèdélẹ̀, ó kà á fún ìyá mi, Alhaja. Mo ní wàhálà dé. Ẹ̀rín ni Alhaja rín. Wọ́n ní, “Màríà tí wọ́n ń wí yẹn, Màríámù wa náà kọ́? Odidi súrà ló ní nínú Kùránì.” Súrà 19 ni. Alhaja fúnra wọn, ọmọ ilé-ìwé Àgùdà ni wọ́n. Wọ́n wà lára àwọn ọmọ tí ìjọba Awólọ́wọ̀ kó wọ ilé-ìwé ọ̀fẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 1955, nígbà tó jẹ́ pé ọwọ́ àwọn ìjọ ni èyí tó pọ̀ jù nínú ilé-ìwé wà.

Hìjáàbù kò sí nínú yunifọ́ọ̀mù wọn, wọ́n sì sọ ọ́ fún mi kí n tó ra fọ́ọ̀mù, kò sí ẹ̀tàn níbẹ̀. Ọjọ́ Jímọ̀, tí bàbá wọn bá kọ ìwé, Táíwò lè tẹ̀ lé wọn lọ kírun.

Ẹ̀kọ́ ńkọ́? Wọ́n ń kọ́ wọn dáadáa. Ìṣirò wọn le, iṣẹ́ àmúrelé wọn pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn mọ́. Mo máa ń lọ yẹ̀ ẹ́ wò fúnra mi, torí ibẹ̀ ni mo fi ń mọ ilé-ìwé tó dáa. Ọmọ tí òbí rẹ̀ jẹ owó, wọn kì í lé e jáde lójú ẹgbẹ́ rẹ̀, òbí ni wọ́n ń pè. Ohun tó ń bí mi nínú níbẹ̀ ni owó kéékèèké tí kì í sí nínú ìwé owó tí wọ́n ń fún wa níbẹ̀rẹ̀ sáà: owó bàsá, owó aṣọ eré ìje, owó ọjọ́ àwọn ọmọdé, àti káàdì ìkórè tí ọmọ á máa gbé kiri àdúgbò bí ẹni tí ń tọrọ bárà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ forúkọ ọmọ sílẹ̀, ẹ fi nǹkan pamọ́ de ìyẹn.

Ó wá ku ohun tó gbé mi kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀sìn wa, wọn ò fọwọ́ kàn án. Èdè wa ni wọ́n fún lọ́rùn.

Púráìmárì kejì ni Táíwò wà. Wọ́n ń sáré kiri lákòókò ìsinmi ráńpẹ́, ó fẹsẹ̀ kọ, ó ṣubú lórí kọnkéré, orúnkún rẹ̀ bó. Ó figbe ta: “Yéè! Ìyá mi ò!” Kí wọ́n tó gbé e dìde, mọ́nítọ̀ ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Vernacular, ìyẹn ni pé ó sọ èdè abínibí. Ìtanràn náírà àádọ́ta. Nígbà tó délé, ẹsẹ̀ rẹ̀ ní báńdéèjì, ọwọ́ rẹ̀ ní ìwé gbèsè. Mo bi í pé báwo ló ṣe yẹ kó ké. Ó rò ó dáadáa, ó ní, “Màmá, Ouch.”

Ẹ gbà mí.

Ní ìpàdé òbí àti olùkọ́ tó tẹ̀ lé e, mo dìde, mo rojọ́. Bàbá kan tó ń ta táyà ní Gate ló dá mi lóhùn. Ó ní, “Ìyá Ìbejì, ẹ má bínú. Yorùbá ò wọ́n nílé mi. Òyìnbó ni mo wá rà níbí.” Ṣe ni gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n irọ́ ni n ó pa tí mo bá ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò nítumọ̀. Ọkùnrin yìí ò kàwé púpọ̀, ó ti buwọ́ lu ìwé tí kò yé e rí, ó sì jẹ gbèsè ẹ̀. Kò fẹ́ kí ojú ọmọ òun rí i.

Bàbá àgbà kan tó ti fìgbà kan jẹ́ katikísìtì, tí ọmọ-ọmọ wọn wà níbẹ̀, ló gbè mí lẹ́yìn. Wọ́n ní kí Fadá Borghero tó dé Èkó lọ́dún 1863 ni àwọn tó ti Brazil padà bọ̀, àwọn Àgùdà gan-an, ti ń gbàdúrà níbẹ̀, lára wọn ni ìjọ sì ti gba orúkọ tí gbogbo wa ń pè é. Wọ́n ní àwọn Fadá òyìnbó tó wá lẹ́yìn, Yorùbá ni wọ́n jókòó kọ́. Wọ́n dárúkọ Fadá Kevin Carroll, tó kó àwọn agbẹ́gilére bíi Bámidélé àti Lámídì Fákẹ́yẹ jọ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì láti ọdún 1947, tí wọ́n ń gbẹ́ Màríà àti ọmọ rẹ̀ bí a ṣe ń gbẹ́ igi nílẹ̀ wa, tí àwọn ọba mẹ́ta tó wá kí Jésù sì jọ ọba aládé. Wọ́n wá ní, “Lọ́jọ́ Àìkú, nínú ọgbà yìí kan náà, Yorùbá la fi ń ṣe Máàsì àárọ̀. Tó bá wá di ọjọ́ Ajé, ọmọ á sanwó ìtanràn nítorí pé ó ní ‘yéè’?”

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́ fún bàbá àgbà náà. Sístà tó jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé, ọmọ Ìgbò ni wọ́n, wọn ò sọ ohunkóhun, wọ́n kàn ń kọ nǹkan sílẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n kéde pé kò sí náírà àádọ́ta mọ́. Iṣẹ́ Yorùbá di ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ nìkan ni, nígbà tí oorun ti ń kun ọmọ. Ìwé orúkọ ṣì wà ṣá.

Ẹ jẹ́ kí n fún wọn ní ẹ̀yẹ tó yẹ wọ́n, torí ọjọ́ kan wà tí inú mi dùn gan-an pé ibẹ̀ ni mo mú ọmọ lọ. Póòpù Francis kú ní ọjọ́ kejì Àjíǹde, 21 oṣù kẹrin ọdún 2025, àwọn ọmọ wà nílé. Nígbà tí wọ́n wọlé, àwòrán rẹ̀ àti àbẹ́là kan wà lórí tábìlì níbi tí wọ́n ti ń tò láàárọ̀. Ọjọ́bọ̀, 8 oṣù karùn-ún, mo lọ mú wọn níbi ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́. Aago márùn-ún ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá díẹ̀ ni. Bàbá géètì na fóònù rẹ̀ sí mi, èéfín funfun ń rú lórí rẹ̀ láti Róòmù, àmì pé wọ́n ti yan Póòpù tuntun. Ìgbà yẹn gan-an ni Sístà sáré jáde láti ọ́fíìsì, bàtà kan lẹ́sẹ̀, èkejì ò sí, wọ́n di okùn agogo mú, wọ́n ń fà á, wọ́n ń pariwo, “Chineke! Chineke!” Àwọn ọmọ tú jáde, Àgùdà, mùsùlùmí, gbogbo wọn ń fò, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Bàbá táyà náà wà níbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. A dúró dé aago mẹ́fà kọjá kí wọ́n tó pe orúkọ: Leo XIV, ọmọ Amẹ́ríkà. Sístà ní ó ti wá sí Nàìjíríà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nígbà tó jẹ́ olórí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Augustine. Wọ́n fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní bísíkíìtì.

Nínú ọkọ̀ ni Táíwò ti ní, “Màmá, Sístà sọ vernacular.”

Ní oṣù kọkànlá ọdún náà ni mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé ìjọba ti fagi lé ìlànà ọdún 2022 tó ní kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ púráìmárì. Ó ní ìlànà yẹn ló ń jẹ́ kí àwọn ọmọ máa fìdí rẹmi nínú WAEC àti JAMB. Ní ilé-ìwé tiwa, wọn ò tẹ̀ lé ìlànà náà rí, kò sì dí Bàbá táyà lọ́wọ́: òun ló kọ́kọ́ jù ú sórí WhatsApp àwọn òbí, ó fi ojú ẹ̀rín mẹ́ta tì í. Mo kọ ọ́ pé lọ́dún 1970, ní Ifẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún odidi ọdún mẹ́fà, tí wọ́n ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀, àwọn ọmọ náà ò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Mo kọ ọ́ pé Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ Alhaja ní ìṣirò ní kíláàsì kìíní. Ó fèsì: “Ẹ ṣeun, Ìyá Ìbejì,” ó fi ọwọ́ àdúrà méjì sí i. Sístà ò dá sí i.

Mo ti sanwó sáà tó kàn. Sáà yìí, Kẹ́hìndé ni mọ́nítọ̀ kíláàsì wọn, ìwé orúkọ ti bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀. Mo ṣí i lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, òfìfo ni látòkè délẹ̀. Mo ní ṣé kò sẹ́ni tó ń sọ Yorùbá ní kíláàsì wọn mọ́ ni. Ó ní, “Wọ́n ń sọ ọ́, Màmá. Bírò mi ni ò ní íǹkì.”