Ẹ ṣọ́ra o! Ẹni tó ń ta jákẹ́ẹ̀tì àti rénkóòtù máṣíìnì lórí Instagram ti gba ₦95,000 mi

Ẹ̀yin tí ẹ ń gun máṣíìnì, pàápàá ẹ̀yin ará Ìbàdàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni nítorí rénkóòtù, jákẹ́ẹ̀tì tàbí hẹ́lmẹ́ẹ̀tì. Ẹnì kan wà lórí Instagram àti WhatsApp tó ní ojúlówó ẹrù ọlọ́kadà lòun ń kó wọlé láti Yúróòpù. Irọ́ ni. Gbájúẹ̀ ni. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀ síbí, torí ọ̀rọ̀ ti dé àgọ́ ọlọ́pàá, ó sì ti yí orúkọ tó ń lò padà. Bí mo tiẹ̀ pe ti tẹ́lẹ̀, ẹ ò ní rí i. Ìwà rẹ̀ ni kí ẹ fi mọ̀ ọ́n.

Iṣẹ́ dispatch ni mò ń ṣe. Láti Ọ̀jọ́ọ̀ dé Challenge, òòrùn ń pa mí, òjò ń pa mí. Ẹni tó bá ń gun máṣíìnì nílẹ̀ wa mọ ìyà tó wà níbẹ̀. Tí ẹ bá wọ rénkóòtù onírọ́bà tó nípọn, òógùn á ti mú yín rin gbindingbindin kí ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ tó kán. Tí ẹ ò bá wọ̀ ọ́, òjò oṣù kẹfà kò mọ ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́. Ìdí nìyí tí mo fi fara balẹ̀ wá ohun tó bá ojú ọjọ́ wa mu. Mo kà, mo béèrè. Mo mọ̀ pé jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀n ló yẹ wá, èyí tí afẹ́fẹ́ ń gba inú rẹ̀ kọjá, tó ní páàdì ní èjìká, ìgúnpá àti ẹ̀yìn. Mo mọ̀ pé jákẹ́ẹ̀tì òyìnbó tí wọ́n fi aṣọ tí kì í gbomi tẹ́ nínú kò ràn wá lọ́wọ́, torí òde rẹ̀ á mu omi, á wúwo, kò sì ní gbẹ bọ̀rọ̀ nígbà òjò tí gbogbo afẹ́fẹ́ rin. Jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀n lọ́tọ̀, rénkóòtù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí èèyàn lè fà wọ̀ lé e lórí lọ́tọ̀: ohun tí mo sọ fún un gan-an nìyẹn. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ojúkòkòrò ló kó bá mi, tàbí pé mi ò mọ ohun tí mò ń rà. Mo mọ̀ ọ́n.

Ohùn rẹ̀ tutù. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ ò ní kábàámọ̀ láé.” Mo ní ṣé wọ́n lẹ tépù bo ojú rírán rénkóòtù náà nínú? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní ṣé páàdì rẹ̀ ní àmì CE, àmì ìlànà ààbò ti Yúróòpù? Ó ní Level 2 ni, èyí tó le jù. Ó fi fídíò ránṣẹ́: wọ́n ń da omi sórí aṣọ náà, omi ń yọ̀ sílẹ̀, kò wọlé. Àwòtúnwò ni mo wo fídíò yẹn. Báyìí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi pé kò sí ojú rẹ̀ níbẹ̀, kò sí ohùn rẹ̀. Fídíò onífídíò ni. Mo ní kí n sanwó nígbà tí ẹrù bá dé ọwọ́ mi, ó ní rárá, pé àwọn kan ti ní kóun gbé ẹrù wá rí, nígbà tó débẹ̀ wọn ò gbé fóònù mọ́. Èmi náà ń gbé ẹrù fún àwọn oníṣòwò, ojú mi ti rí irú rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Ẹ gbọ́, àánú rẹ̀ ṣe mí! Mo fi ₦95,000 ránṣẹ́ fún jákẹ́ẹ̀tì, rénkóòtù àti hẹ́lmẹ́ẹ̀tì, owó àjọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó. Orúkọ tó jáde lórí àkáǹtì kọ́ ni orúkọ ilé ìtajà tó ń pè. Mo rí i, mo béèrè, ó ní àkáǹtì àbúrò òun ni. Kò yẹ kí n tẹ bọ́tìnì yẹn. Mo mọ̀. Àmọ́ mélòó nínú yín ni kò tíì gba owó sórí àkáǹtì àbúrò rẹ̀ rí?

Ẹrù dé. Àwọ̀n tí mo rí nínú fọ́tò kò sí níbẹ̀. Aṣọ dúdú kíki ni, wọ́n wá tẹ ihò wẹ́wẹ́ sí i lára, ọ̀dà ni wọ́n fi kùn ún! Mo fi ẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí i láti inú, kò kọjá. Mo ṣí síìpù ìgúnpá, mo fa páàdì jáde, fóòmù tí wọ́n fi ń di ẹrù ẹlẹgẹ́ ló bọ́ sí mi lọ́wọ́. Mo fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀là tẹ̀ ẹ́, ìka méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn. Ohun tí wọ́n ní kí n fi gba ara mi lọ́wọ́ ọ̀dà títì nìyẹn. Mo pè é lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó ní ẹ̀gbọ́n mi, tuntun ni, ó máa ń rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni, ìgbà tí ẹ bá ṣubú ló máa le. Ẹ wo ìkà èèyàn! Irú páàdì bẹ́ẹ̀ wà lóòótọ́, D3O ni ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́, mo ti kà nípa rẹ̀, òun ló jẹ́ kí irọ́ rẹ̀ wọ̀ mí létí. Ó fi ìdajì òótọ́ pa mí lẹ́nu mọ́.

Rénkóòtù ló tú àṣírí rẹ̀ pátápátá. Mò ń gbé aṣọ oníbàárà kan láti Bódìjà lọ sí Mọ́lété, òjò ká mi mọ́ Mọ́kọ́lá. Ẹ mọ̀ pé tí èèyàn bá jókòó sórí máṣíìnì, omi máa ń rọ́ jọ sí itan. Ibẹ̀ ló ti kọ́kọ́ wọlé, ní ojú rírán tó wà láàárín ẹsẹ̀. Ihò abẹ́rẹ́ ló gbà, torí kò sí tépù kankan níbẹ̀, òwú lásán ni. Lẹ́yìn náà ó gba síìpù àyà, torí kò sí aṣọ kankan tó bo síìpù náà. Fóònù mi wà nínú àpò àyà, ìwé máṣíìnì mi wà níbẹ̀. Mo yà sí ilé epo kan, mo yọ wọ́n, inki ìwé ti ṣàn, fóònù ti kú. Nígbà tí mo gbé ẹsẹ̀ láti gun máṣíìnì padà, ṣòkòtò rénkóòtù náà ya láti ìdí dé orúnkún, lójú gbogbo àwọn tó ń sá òjò níbẹ̀. Ojú tì mí débi pé inú òjò náà ni mo bá lọ. Aṣọ oníbàárà náà tutù, mo san owó rẹ̀. Ẹ fi ìyẹn kún ₦95,000.

Hẹ́lmẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Àmì ECE tó wà lẹ́yìn rẹ̀, èyí tó yẹ kó fi hàn pé hẹ́lmẹ́ẹ̀tì ti yege ìdánwò ààbò, èékánná ni mo fi ṣí i kúrò. Inú rẹ̀ yẹ kó ní fóòmù funfun líle, èyí tó ń gba agbára ìkọlù kó tó dé agbárí. Kànìnkànìn fẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n lẹ̀ síbẹ̀, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ ló wà lóde. Ẹ rántí oṣù kìíní ọdún 2009, nígbà tí FRSC, àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, ní dandan ni hẹ́lmẹ́ẹ̀tì, tí àwọn ọlọ́kadà kan ń dé igbá sórí. Igbá ni mo rà. Àwọn yẹn mọ̀ pé igbá làwọn dé o! Èmi gbà pé orí mi bò.

Mo kó fọ́tò gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Ó ní mo ti lò ó, òun kì í gba ọjà tí wọ́n ti lò. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé ó ń jò láì wọ̀ ọ́ nínú òjò? Mo bẹ̀ ẹ́, mo ní kó dá ìdajì padà. Ẹni tó ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n láàárọ̀ ní kí n lọ kú síbi tó bá wù mí, pé “o ò mọ nǹkan kan,” ó sì búlọ́ọ̀kù mi. Ọmọkùnrin tí mo lè bí!

Mi ò gba ẹnikẹ́ni nínú wọn gbọ́ mọ́. Àwọn tó ń tà lórí fóònù, àwọn tó ń tà ní ṣọ́ọ̀bù, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Ọ̀rẹ́ mi kan ra hẹ́lmẹ́ẹ̀tì lójú ara rẹ̀ l'Ékòó, kànìnkànìn náà ló wà nínú tiẹ̀. Bóyá àwọn olóòótọ́ wà. Ẹ̀rí ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi hàn mí.

Ẹ gbọ́ ìwọ̀nba tí mo lè sọ. Ẹ yí inú rénkóòtù síta, ẹ nà án sí òòrùn. Tí ẹ bá rí ìmọ́lẹ̀ ní ojú rírán, ẹ gbé e sílẹ̀. Ẹ da omi sí àárín ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀, kí ẹ dúró díẹ̀. Páàdì tòótọ́ máa ń ní EN 1621, nọ́ńbà ìlànà Yúróòpù fún páàdì, lára páàdì náà fúnra rẹ̀, pẹ̀lú 1 tàbí 2 tó sọ bó ṣe le tó. Ẹ má gba páálí rẹ̀ gbọ́. Hẹ́lmẹ́ẹ̀tì ECE máa ń ní àmì tí wọ́n rán mọ́ okùn àgbọ̀n: E àti nọ́ńbà nínú òbíríkítí, nọ́ńbà ìsàlẹ̀ rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 05 tàbí 06. Àmọ́ àwọn oníjìbìtì ń tẹ ìyẹn náà, ẹ tẹ inú rẹ̀ wò. Ẹ tú ẹrù kí ẹ tó sanwó. Tí orúkọ àkáǹtì bá yàtọ̀, ẹ sá.

Mo ti kọ̀wé sí báńkì mi àti FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà àwọn oníbàárà. Òfin wọn ti ọdún 2018 fún wa lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ọjà tí kò bá ohun tí wọ́n pè é mu padà. Tí ẹ bá ti kó sọ́wọ́ ọmọ yìí, ẹ má pa ọ̀rọ̀ tí ẹ jọ sọ rẹ́, ẹ má pa ẹ̀rí owó yín rẹ́, ẹ wá sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá sì mọ ibi tí mo ti lè fọwọ́ ara mi kan rénkóòtù tó ní tépù n'Íbàdàn kí òjò oṣù kẹsàn-án tó dé, kó júwe rẹ̀ fún mi. Ibi tí mo lè rìn dé o. Kó má fi nọ́ńbà ẹnikẹ́ni ránṣẹ́ sí mi.