Ìwé pẹlẹbẹ lórí Sábáàtì yìí kù díẹ̀ káàtó

Ẹni tó kọ ọ́ ní dandan ni kí Kristẹni máa pa Sábáàtì, ìyẹn ìsinmi ọjọ́ keje ọ̀sẹ̀, mọ́. Ibi tó ti fi Ẹ́kísódù 20 wé Diutarónómì 5 dùn mọ́ mi gan-an: ti àkọ́kọ́ ní nítorí ìṣẹ̀dá ni, ti èkejì ní nítorí ìtúsílẹ̀ kúrò lóko ẹrú Íjíbítì. Ibẹ̀ nìkan tó owó rẹ̀. Àmọ́ nígbà tó kan Kólósè 2:16, tó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá wa lẹ́jọ́ nítorí Sábáàtì, ṣe ló fò ó fẹ̀rẹ̀! Róòmù 14:5, tó ní ẹnì kan ka ọjọ́ kan sí ju òmíràn lọ, ẹlòmíràn sì ka gbogbo ọjọ́ sí bákan náà, ńkọ́? Kò tilẹ̀ mẹ́nu bà á. Ó wá di gbogbo ẹ̀bi ìjọsìn ọjọ́ Àìkú ru Constantine, olú ọba Róòmù, àti òfin ọdún 321 tó fi sọ ọjọ́ Àìkú di ọjọ́ ìsinmi, bẹ́ẹ̀ Ìṣe 20:7 ti sọ pé àwọn ọmọ ẹ̀yìn péjọ bu àkàrà lọ́jọ́ kìíní ọ̀sẹ̀, ìyẹn ọjọ́ Àìkú. Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún. Lẹ́tà rẹ̀ tún kéré jù fún ojú àgbà bíi tèmi.