FUNAAB Alpha, adìẹ tí wọ́n bí ní Alábàtà: ta ni kó rà á?

Ẹni tó bá fẹ́ adìẹ tí yóò máa yé fún ìdílé, tó sì ṣe é pa lọ́jọ́ ọdún, kó ra FUNAAB Alpha. Ẹni tó bá fẹ́ kí adìẹ wọn kílò méjì lọ́sẹ̀ mẹ́fà, búróílà ni kó wá lọ.

Yunifásítì àgbẹ̀ ti ìjọba àpapọ̀ l'Ábẹ́òkúta (FUNAAB), tó wà ní Alábàtà, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1988, ló mú adìẹ yìí jáde. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Adébámbọ̀ ló ṣíwájú iṣẹ́ náà. Adìẹ ìbílẹ̀ ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, wọ́n wá fi ẹ̀jẹ̀ adìẹ òkèèrè kún un. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè rí abọ́lọ́rùn àti aṣá (adìẹ tí ìyẹ́ rẹ̀ ká sókè) láàrin wọn. Ẹ má rò pé àìsàn ló bó ìyẹ́ ọrùn wọn. Ọrùn tí kò níyẹ̀ẹ́ ń jẹ́ kí ooru ráyè jáde lára, ó sì wúlò gan-an nínú oṣù Ẹrẹ́nà, nígbà tí páànù àti àpáta ìlú yìí bá jọ ń yọná.

Nígbà tí ILRI, àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí ẹran ọ̀sìn, kó oríṣi adìẹ mẹ́fà jọ fún àyẹ̀wò ní Nàìjíríà, Noiler, Kuroiler àti Sasso ló wúwo jù. Ní ti ẹyin, Alpha àti Shika-Brown ló mókè. Iṣẹ́ ìwádìí tí ìjọba ń sanwó oṣù fún ló bí àwọn méjèèjì: Alpha níbí, Shika-Brown ní Zaria. Ṣíṣa adìẹ láti ìran dé ìran ń gba ọ̀pọ̀ ọdún kí èrè tó yọjú, oníṣòwò mélòó ló ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀? Àmọ́ owó àyẹ̀wò ńlá yẹn, àpò Gates Foundation, àjọ afẹ́nifẹ́re ti Bill Gates, ló ti wá, kì í ṣe Àbújá.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ ni ọ̀pọ̀ olùrà ti ń pàdánù. Wọ́n gbọ́ pé ẹ̀jẹ̀ ìbílẹ̀ wà lára rẹ̀, wọ́n bá dà á sẹ́yìnkùlé lọ́jọ́ tó dé. Òròmọdìẹ tí kò ní ìyá tí yóò ràdọ̀ bò ó, òtútù ni yóò pa á. Ooru bíi 33°C ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ máa fi 3 dín in kù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹni tí kò ní tẹmómítà, kó wo àwọn ọmọ náà. Bí wọ́n bá ṣùjọ sábẹ́ iná, òtútù ń mú wọn. Bí wọ́n bá sá lọ sétí ògiri tí wọ́n ń la ẹnu, ooru pọ̀ jù. Èédú inú ìkòkò náà dára bí NEPA bá mú iná lọ, ṣùgbọ́n ẹ ṣí òkè fèrèsé sílẹ̀: atẹ́gùn olóró tó ń jáde lára èédú kò ní òórùn, ó sì ń pani.

Èérún igi tí káfíńtà fá ni kẹ́ ẹ tẹ́, kó nípọn tó sẹ̀ńtímítà 5. Ẹ má lo lẹ́búlẹ́bú ayùn, wọ́n á ṣà á jẹ. Ibi tí omi bá dà sí, ẹ kó o jáde lọ́jọ́ náà, torí inú ọ̀rinrin ni ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ajẹsára àrùn lúkúlúkú àti àrùn Gumboro tí wọ́n ń po sómi, klorín (oògùn apakòkòrò) inú omi ẹ̀rọ máa ń pa á. Ẹ lo omi kànga tó mọ́, kẹ́ ẹ po mílíìkì oníyẹ̀fun tí kò lọ́ràá mọ́ ọn, gíráàmù 2.5 sí líta kan. Ẹ kọ́kọ́ gba omi kúrò níwájú wọn fún wákàtí kan, kí òùngbẹ lè mú wọn mu ún tán láàrin wákàtí méjì. Ẹ má jẹ́ kí ọyẹ́ bá yín láìṣe é. Ní ti oúnjẹ, léyà (oúnjẹ adìẹ tó ń yé) kọ́ ni kẹ́ ẹ fún adìẹ tí kò tíì yé: kálísíọ̀mù inú rẹ̀ yóò ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́.

Àléébù tó le jù rèé o. Bí ẹ bá sàba ẹyin tí Alpha yín yé, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò á máa gun ara wọn, ìran kejì á kéré, kò sì ní yé tó ti àkọ́kọ́. Orísun lẹ gbọ́dọ̀ padà sí. Kí orísun má sì gbẹ, ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa bọ́ àwọn adìẹ òbí lọ́dọọdún, kó fi nọ́ńbà sí ẹsẹ̀ wọn, kó máa kọ iye ẹyin ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Iṣẹ́ yìí kò ní ìròyìn tuntun tí wọ́n á fi ya fọ́tò, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí owó ìjọba wọ̀ jù.

Bí ẹ bá fẹ́ rà lọ́jà Láfẹ́nwá tàbí ibòmíràn, ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti pa ẹyin rẹ̀, ọjọ́ tó jáde, àti ajẹsára tó ti gbà. Bí ẹni tó ń tà á bá kàn sọ pé “Alpha ni, ẹ gbà mí gbọ́,” ẹ fi í sílẹ̀.