Pàkúté tó gba ọgbà ewédú mi lọ́wọ́ mole

Oṣù Kẹfà ọdún tó kọjá ni ilẹ̀ rì mọ́ ìyá mi lẹ́sẹ̀ lẹ́yìnkùlé wa ní Bowie, ní ìpínlẹ̀ Maryland. Wọn ò tíì lò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ lọ́dọ̀ wa tí wọ́n ti Ìsẹ́yìn dé. Wọ́n jáde láàárọ̀ kùtù láti lọ bomi rin ewédú, èmi wà ní kíṣìnì, mo kàn gbọ́ "Yéè! Àbẹ̀kẹ́ o!" ni. Kí n tó débẹ̀, wọ́n ti jókòó sílẹ̀, omi garawa ti dà nù, ọrùn ẹsẹ̀ wọn òsì sì ti ń wú. Ẹni ọdún 74 ni wọ́n. Ọlọ́run ló yọ wọ́n, egungun kankan ò ṣẹ́. Ọjọ́ yẹn ni mo pinnu pé ẹran tó ń gbẹ́lẹ̀ lábẹ́ ọgbà mi gbọ́dọ̀ kúrò.

Mole lorúkọ ẹran ọ̀hún. Kò sí nílé, ìdí nìyẹn tí Yorùbá ò fi sọ ọ́ lórúkọ. Màámi ń pè é ní òkété òyìnbó, àmọ́ kò bá òkété tan, asín ló sún mọ́. Kì í jẹ iṣu, kì í jẹ ẹ̀gẹ́, kì í sì í jẹ ewébẹ̀. Ekòló ni olórí oúnjẹ rẹ̀, pẹ̀lú àwọn ìdin funfun tó máa ń wà lábẹ́ koríko. Ohun tó ń jẹ lójúmọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo tó òun fúnra rẹ̀, nítorí náà tọ̀sán-tòru ló ń wá oúnjẹ. Ọ̀nà tó ń là lábẹ́ koríko lè tó ẹsẹ̀ bàtà 15 láàárín wákàtí kan. Ẹ ó kàn jí láàárọ̀ ni, ẹ ó rí i tí ilẹ̀ ti wú, tó ń lọ kọ́lọkọ̀lọ bí iṣan ọwọ́ arúgbó. Ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ó rì.

Mo kọ́kọ́ purọ́ mọ́ ọn. Ewédú mi ń rọ lójú oòrùn, gbogbo èyí tó wà lórí ìlà kan náà, bẹ́ẹ̀ mo ń bomi rin ín láàárọ̀ àti lálẹ́. Mo ní ẹran yìí ló ń jẹ ẹ́ nídìí. Ìgbà tí mo wá fọwọ́ hú ọ̀kan, mo rí i pé gbòǹgbò rẹ̀ pé pérépéré, kò sí ojú eyín lára rẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ ló ṣófo. Mo ki ìka mẹ́ta bọ inú ihò náà, ó tutù, ara rẹ̀ sì ń dán bí ìgbà tí wọ́n fi ọwọ́ rẹ́ ẹ. Gbòǹgbò ewédú so rọ̀ sínú afẹ́fẹ́ bí irùngbọ̀n, kò kan ilẹ̀. Omi tí mo ń bù sí i ń gba inú ihò ṣàn lọ ni. Òùngbẹ ló ń pa ewédú mi lójú omi.

Owó tí mo ti ná kí n tó ra pàkúté dùn mí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí ẹlòmíràn má baà ná an. Ọ̀pá tó ń gbọ̀n ni mo kọ́kọ́ rà, mẹ́rin ní $38. Ẹ ó rì í mọ́lẹ̀, oòrùn ni yóò máa fún un lágbára, á sì máa kùn "vuuu" ní ìṣẹ́jú-àáyá 30 síra. Wọ́n kọ ọ́ sára páálí rẹ̀ pé ariwo yẹn á lé mole lọ. Ní ọjọ́ kẹrin, mole la ọ̀nà tuntun, ọ̀nà náà sì gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá kejì kọjá, kò jìnnà sí i ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ. Mo kó wọn padà sí ilé ìtajà, wọ́n ní mo ti tú páálí, àwọn ò gbà á mọ́. Ó dùn mí wọra, torí pé nígbà tí mo ń rà á mo bi wọ́n léèrè bóyá ó ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì bá mi fọwọ́ sọ̀yà.

Lẹ́yìn náà ni mo ra òróró lárà tí wọ́n pò mọ́ nǹkan bíi yanrìn, $24 ni àpò kan. Èyí sàn díẹ̀. Mo fọ́n ọn, mo bomi rin ín, ọgbà mi sì dákẹ́ fún bí ọjọ́ mẹ́wàá. Òjò ńlá méjì rọ̀, ó fọ̀ ọ́ lọ, mole padà dé. Ẹni tó bá lówó àti àyè láti máa fọ́n ọn lemọ́lemọ́ lè lò ó. Aládùúgbò wa, bàbá àgbàlagbà kan tó ti wà níbí kí a tó dé, fẹ́ fún mi ní májèlé tí wọ́n ṣe bí ekòló. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, àmọ́ mi ò gbà á. Bromethalin ló wà nínú rẹ̀. Bí ajá bá jẹ ẹ́, kò sí oògùn kan pàtó tí dókítà ẹran lè fún un tó máa pa oró náà, àwọn ọmọ ọmọ mi sì ń ṣeré lórí koríko yẹn ní gbogbo Sátidé. Àwọn kan ní kí n lo ṣíngọ́ọ̀mù, àwọn kan ní káńfọ̀. Káńfọ̀ májèlé ni. Inú ilẹ̀ tí n ó ti já ẹ̀fọ́ jẹ kọ́ ni n ó sin ín sí.

Pàkúté tí mo wá rà ní $31 ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi gbé yẹ̀ wò. Irin ni látòkè délẹ̀. Apá rẹ̀ mẹ́rin rí bí àlùmágàjí méjì tó dojú kọ ara wọn, awo irin pẹlẹbẹ kan wà láàárín, òkè rẹ̀ sì ní ibi tí ẹ máa fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Kò sí oúnjẹ tí ẹ máa fi dẹ ẹ́. Ìwà mole fúnra rẹ̀ ni pàkúté yìí fi ń mú un: bí ọ̀nà rẹ̀ bá dí, kì í lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó gbọ́dọ̀ tún un là. Ẹ ó tẹ òrùlé ọ̀nà náà wọlẹ̀ níbì kan tí kò fẹ̀ ju bàtà lọ, ẹ ó gbé pàkúté dá a lábùú, ẹ ó wá fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi ró "kà". Apá rẹ̀ á ti wọlẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì ihò náà. Bí mole bá fi orí gbé yẹ̀pẹ̀ sókè, yẹ̀pẹ̀ á ti awo, pàkúté á ré. Ẹ ò ní gbẹ́ ilẹ̀ rárá, ọwọ́ yín ò sì ní dé ibi tí irin lè gé yín. Ohun tí mo ní kẹ́ ẹ wò tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà ni pé kó jẹ́ irú tí à ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, kí irin rẹ̀ sì nípọn. Irú kejì wà tí à ń fi ọwọ́ méjèèjì fà ṣí. Mo gbìyànjú rẹ̀ wò ní ilé ìtajà, agbára mi ò ká a.

Ọjọ́ mẹ́fà ni mo fi dẹ ẹ́ lásán. Ibi tó bá wú jù lójú mi ni mò ń gbé e sí. Màámi wà lórí àga ní fàráńdà, ẹsẹ̀ wọn lórí ìrọ̀rí, wọ́n ń wò mí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹfà wọ́n bi mí:

"Àbẹ̀kẹ́, ọ̀nà wo ni ẹran yìí ń gbà relé?"

"Màámi, gbogbo ọgbà náà ló ń gbà. Ẹ ò rí i ni?"

"Ibi tó ti wá ekòló lánàá, kí ló fẹ́ padà lọ ṣe níbẹ̀? Bàbá mi kì í dẹ pàkúté síbi tí òkété ti jẹun. Ojú ọ̀nà ilé rẹ̀ ni wọ́n ń dẹ ẹ́ sí."

Wọ́n ní kí n fi gìgísẹ̀ tẹ gbogbo ibi tó wú wọlẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, kí n sì fi ẹyọ ìgbálẹ̀ kọ̀ọ̀kan gún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún àmì. Inú ìgbálẹ̀ tí wọ́n gbé wá láti ilé ni mo ti fa á yọ, mọ́kànlá ni mo gún. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mẹ́ta ti tún wú. Mo tún tẹ wọ́n. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, ẹyọ kan ṣoṣo ló wú padà, èyí tó lọ tààrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọnkéré tó dé gáréèjì. Mi ò kà á kún rárá tẹ́lẹ̀, torí pé kò fi bẹ́ẹ̀ hàn. Ohun tí àwọn onímọ̀ iṣẹ́ ọgbà ní Amẹ́ríkà náà ń kọ́ni nìyẹn: ọ̀nà tó gún, tó fara ti fẹ́ǹsì tàbí kọnkéré, ni mole sábà máa ń rìn lójoojúmọ́, àwọn tó lọ́ kiri jẹ́ ibi tó ti wá oúnjẹ lẹ́ẹ̀kan tó sì lè má padà sí mọ́. Ìyá mi ò ka ìwé kankan kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́bọ̀ ni mo dẹ ẹ́ síbẹ̀ kí n tó lọ síṣẹ́ alẹ́. Nọ́ọ̀sì ni mí, aago méje àárọ̀ la máa ń gba ara wa sílẹ̀. Nígbà tí mo wakọ̀ wọlé, Màámi ti wà lórí ìdúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọnkéré, ọ̀pá lọ́wọ́.

"Ó ti ré o," ni wọ́n fi kí mi káàbọ̀.

Mo wọ ìbọ̀wọ́, mo yọ ọ́. Kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Irun ara rẹ̀ rí bí eérú, ó sì rọ̀ bí àrán. Bí mo ṣe fi ìka pa á síwájú ló ṣe rí nígbà tí mo pa á sẹ́yìn, irun náà ò kọjú síbì kankan, èyí ló jẹ́ kó lè máa lọ kó sì máa bọ̀ nínú ihò tóóró láì há. Mi ò rí ojú rẹ̀, awọ ti bò ó. Ọwọ́ rẹ̀ ni mi ò lè gbàgbé. Ó fẹ̀, ó pupa rẹ́súrẹ́sú bí ọwọ́ ọmọ tuntun, àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì kọjú síta bíi ti ẹni tó fẹ́ ti ilẹ̀kùn méjì ṣí lẹ́ẹ̀kan náà. Èékánná rẹ̀ gùn, yẹ̀pẹ̀ sì há sí abẹ́ wọn. Màámi bẹ̀rẹ̀, wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n na ọwọ́ tiwọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọwọ́ tó ti roko láti kékeré.

"Ọwọ́ àgbẹ̀ nìyí," wọ́n ní. "Pẹ̀lẹ́ o."

A sin ín sídìí igi. Mo tẹ gbogbo ihò inú ọgbà wọlẹ̀, mo bomi rin ín dáadáa kí yẹ̀pẹ̀ lè di gbòǹgbò mú, ewédú sì gbérí láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ọjọ́ 12 lẹ́yìn náà ni ọ̀nà kan náà tún wú. Mole kì í bá ara wọn gbé, àmọ́ bí onílé bá ti lọ, òmíràn a máa wọ ọ̀nà rẹ̀. Mo dẹ ẹ́ síbi tí mo dẹ ẹ́ sí tẹ́lẹ̀, ó mú èyí náà ní òru kejì. Láti ìgbà yẹn títí ewé fi wọ́, ilẹ̀ ọgbà mi ò wú mọ́.

Pàkúté náà ní àléébù tirẹ̀. Ó le tẹ̀. Èmi tí mo sanra díẹ̀ lè tẹ̀ ẹ́, Màámi ò lè tẹ̀ ẹ́, ọmọ mi obìnrin tó tẹ́ẹ́rẹ́ náà gbìyànjú tì. Bí òkúta tàbí egbò igi bá wà níbẹ̀, apá kan á dúró sókè, pàkúté á sì ré lórí asán. Ó ṣe é sí mi lẹ́ẹ̀mejì, kí n tó kọ́ láti máa kọ́kọ́ fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ gún ibẹ̀ wò. Nígbà tí ilẹ̀ bá gbẹ, ẹ bomi sí i lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ìwé ìlò tó wà nínú páálí ò kún tó, kò sọ ohunkóhun nípa bí a ṣe ń mọ ojúlówó ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìyẹn gan-an ni iṣẹ́ náà. Ohun tó sì bà mí lẹ́rù jù ni pé kò ní ìbòrí kankan. Bí ọmọdé bá fọwọ́ kàn án, ọ̀rọ̀ dé nìyẹn. Garawa ńlá ni mo máa ń dojú rẹ̀ dé orí rẹ̀, mo sì máa ń gbé bíríkì lé e. Mi ò sì í dẹ ẹ́ lọ́jọ́ tí àwọn ọmọ bá ń bọ̀.

Ẹ má sì rò pé ó máa yanjú ohun gbogbo. Nígbà tó yá, nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í gé ìdí ata rodo mi, èyí sì ní ojú eyín dáadáa. Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí University of Maryland Extension, tí wọ́n ń dáhùn ìbéèrè nípa ọgbà lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n ní vole ni, ìyẹn eku kékeré kan tó máa ń gba inú ihò tí mole ti gbẹ́. Pàkúté yìí kì í mú un. Mo kan àpótí pákó fún ata, mo fi wáyà olójú kéékèèké tẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí n tó da yẹ̀pẹ̀ sí i, ìyẹn ló gbà mí.

Mole kan ṣì wà lẹ́yìn ọgbà, lápá ibi tí igbó ti bẹ̀rẹ̀. Mo mọ ọ̀nà rẹ̀, mi ò dẹ nǹkan kan síbẹ̀. Ó ń jẹ ìdin inú koríko, ó ń tú ilẹ̀ ká kí omi lè wọ̀ ọ́, ìyá mi ò sì í gba ibẹ̀ rìn. Inú ọgbà àti ẹ̀gbẹ́ kọnkéré nìkan ni mo gbà lọ́wọ́ wọn.

Nínú 5, 4 ni mo fún pàkúté yìí. Àìní ìbòrí rẹ̀ ló jẹ́ kí n yọ 1. Ó wà lórí ìṣó ní gáréèjì wa báyìí, mo ti fọ̀ ọ́, mo ti fi òróró pa á kó má baà dípàtà, ẹyọ ìgbálẹ̀ mọ́kànlá sì wà nínú ike lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ará ilé tó bá wà ní Bowie, Lanham tàbí Upper Marlboro níbí tó fẹ́ yá a wò kó tó ra tirẹ̀, kó bá mi sọ̀rọ̀. N ó gbé e fún un, n ó sì bá a wá ojú ọ̀nà náà.